Ihò Méjì Apá Ọ̀tún

Ihò mẹ́fà ni mo lu sí ògiri kíláàsì kẹrin. Mẹ́rin di bóòtù mú gírígírí. Méjì ò dì í mú. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ̀rù má baà tún bà mí, kí n wá máa sọ nǹkan mìíràn.

Káfíńtà ni mí. Mi ò kàwé púpọ̀, ìwé kẹrin ni mo kà dé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó nígbà náà, mi kì í rí ohun tí tíṣà ń kọ, mi ò sì lè béèrè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n wá ka ohun tó wà lára pátákó, mo ní ojú ń dùn mí. Ojú ò dùn mí. Láti ìgbà yẹn, igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Igi kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Bàbá Rọra ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, torí bí mo bá fẹ́ kan ìṣó kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá wọ̀n ọ́n. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Mi kì í bínú. Ẹni tó ń bẹ̀rù ayùn, ìka rẹ̀ máa ń pé.

Gbogbo pátákó tó wà nílé-ìwé yẹn, èmi ni mo kàn wọ́n mọ́ ògiri láti ogún ọdún. Kò sí èyí tó já rí. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé èyí tuntun dé nínú páálí tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, èmi náà ni Màdáàmù ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ sí.

"Bàbá Rọra, ẹ bá wa gbé e kọ́."

Mo wò ó. Dúdú, ó ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. "Kí lẹ ń pè é, mà?"

"Pátákó náà ni. Àmọ́ iná ló ń lò, kò lo ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n fi yá wa fún sáà kan ni o. Alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá rí i pé a ò lè tọ́jú ẹ̀, ilé-ìwé tó wà lódìkejì odò ló máa gbé e fún. Ojú wọn ti wà lára ẹ̀ báyìí."

Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ńlá ni. Ohun tí àwọn ọmọ á jókòó, tí wọ́n á máa wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Mo lu ihò apá òsì, ó dára. Mo lu ti àárín, ó dára. Nígbà tí mo dé apá ọ̀tún, irin dírílì wọlé lójijì bí ẹni ń gún iyanrìn. Eruku pupa tú jáde. Mo lu èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀, bákan náà. Ìgbà náà ni mo rántí pé fèrèsé kan ti wà níbẹ̀ rí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo yọ férémù rẹ̀ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Bíríkìlà tó dí i, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti erùpẹ̀ ló kó sínú rẹ̀, ó wá fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ ra ojú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ́. Àmọ́ Màdáàmù dúró tì mí, àwọn tíṣà pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó tuntun wọlé bá. Ẹnu mi ò là. Mo gbẹ́ igi méjì, mo kun gọ́ọ̀mù sí i lára, mo gbá a wọ inú ihò náà, mo sì yí bóòtù sínú igi. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn pátákó àtijọ́ nìyẹn. A gbé e kọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò mì.

"Ṣé ó le?"

"Ó le, mà."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo gbé relé. Ó wúwo ju àpò irinṣẹ́ mi lọ.

Àbígbẹ̀yìn mi wà ní kíláàsì kẹrin yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ń kólòlò. Nílé, ó máa ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ilé-ìwé, ó pa ẹnu dé nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó níbẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè kan. Tíṣà kan tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ sunkún lórí ìwé náà. Èmi ò sunkún. Mo mọ ẹ̀yìn kíláàsì tó jókòó sí yẹn, mo mọ bó ṣe rí níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a gbé pátákó kọ́, mi ò tíì bọ́ bàtà tán nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré pàdé mi.

"Bàbá wa, ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ yín dáhùn ìbéèrè lónìí! Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi hàn yín."

Ọmọ náà fà mí lọ sídìí tábìlì. Ó fi ìka ya òbíríkítí sórí rẹ̀, ó pín in sí mẹ́rin, ó wá fi ìka fa apá kan jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní kí ni ìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló ṣàlàyé: ìbéèrè máa ń hàn lára pátákó, àwọn ọmọ á dìde lọ bá a, wọ́n á fi ọwọ́ mú ìdáhùn, wọ́n á fà á lọ síbi tó yẹ kó wà. Tó bá tọ̀nà, á dún bí aago. Ẹnu ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ni.

Inú mi dùn. Ó dùn débi pé mo jókòó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn wá wọ̀ mí létí dáadáa.

"Ọwọ́ báwo?" mo bi í. "Ṣé ẹ̀ ń fọwọ́ tì í ni?"

Ọmọ náà mi orí pé rárá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì gbá tábìlì, pàá! Ife orí rẹ̀ fò.

Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í fara ti pátákó ṣọ́ọ̀kì. Tíṣà á kọ, tíṣà á nù ún, ó parí. Èyí, ọmọ méjìlélógójì ló ń gbá a, tí wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń fara tì í látàárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo wọn ìwúwo pátákó lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò wọn ọwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo lọ. Mo ní mo wá yẹ àwọn bẹ́ǹṣì wò. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré sọ̀rọ̀, ní kí n jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn kíláàsì náà. Mo jókòó.

Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Tíṣà fọwọ́ kan pátákó, àwòrán ọkàn èèyàn hàn, ó ń lù, kìì, kìì, kìì. Ó ní ta ló lè fa ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tó tọ́. Gbogbo kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó máa ń sùn dìde. Ọmọ kan tí ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà, tíṣà fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí tó fi tóbi tó ilẹ̀kùn, ọmọ náà ní, "Háà! Mo rí i!" Mo rò ó pé ká ní nǹkan báyìí wà láyé tèmi… Mi ò parí èrò náà. Ìlà eruku pupa kan ń já bọ̀ láti apá ọ̀tún pátákó, tín-ín-rín bí òwú.

Mo pàdé ìyá kan tó máa ń gbálẹ̀ ilé-ìwé níta. Mo bi í bóyá eruku máa ń wà nísàlẹ̀ pátákó yẹn.

"Láti àná!" ló wí. "Ògiri yín ń já erùpẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé tó ń jẹ búrẹ́dì. Mo ti ní kí n bá a wá àwo."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé màá wọlé nígbà tí kò sí èèyàn, kí n gbá igi mìíràn sí i. Àmọ́ nítorí pátákó yẹn, wọ́n ti fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, Màdáàmù ló sì mú kọ́kọ́rọ́. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Mà, mo… mo fẹ́ yẹ bóòtù wọ̀nyẹn wò."

Ó gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. "Kí ló ṣe bóòtù?"

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo ń rí i. Mo tún ń rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn tí wọ́n ń gbé pátákó sọdá odò, mo ń rí ọmọ mi tó padà sẹ́yìn kíláàsì, tó pa ẹnu dé.

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ẹ̀yin náà! Rọra-rọra yín ti pọ̀ jù. Ẹ lọ sinmi."

Mi ò sinmi. Gbogbo ọjọ́ ni mo ń lọ. Mo tún bẹ́ǹṣì tó bàjẹ́ ṣe, ó tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún èyí tí kò bàjẹ́ ṣe. Màá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, màá tún dá a padà, kí n ṣáà lè máa wo apá ọ̀tún. Àwọn ọmọ ti mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Bàbá Rọra, ẹ káàárọ̀, bẹ́ǹṣì wo ló ń ṣàìsàn lónìí?" Tíṣà alára ní, "Bàbá, bẹ́ǹṣì tiwa ti le ju àga ọba lọ. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ parí ìwé mẹ́fà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan wà tí mo kíyè sí. Apá òsì ni gbogbo ọmọ ń lọ. Tí ìdáhùn bá wà lápá ọ̀tún, wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo fà á wá sí òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mú ẹyin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbá a. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo dúpẹ́, láìmọ ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló ń jẹ yín lọ́kàn? Ẹ ti rù."

"Iṣẹ́ ni."

Mo gbé ojú sókè, ọmọ náà ń wò mí. Mo wo ibòmíràn. Nígbà tí mo tún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wo ibòmíràn. Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì, bí ológbò méjì tó pàdé lórí ògiri.

Alábẹ̀wò dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò wà lójú rẹ̀, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Màdáàmù jókòó tì í níwájú. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú bẹ́ǹṣì kan tí mo dorí rẹ̀ kodò. Àlàfo tó wà láàárín pátákó àti ògiri lápá ọ̀tún ti tó ìka kan. Lọ́jọ́ tí mo gbé e kọ́, bébà ò lè kọjá níbẹ̀.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ dáhùn, pátákó ń dún bí aago, alábẹ̀wò ń kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, kí ló dé tó jẹ́ pé apá òsì nìkan ni wọ́n ń tò sí? Ṣé apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Ó ti mọ́ wọn lára ni."

"Ẹ jẹ́ ká rí i. Mo gbọ́ pé ọwọ́ mẹ́wàá ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan." Ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo ìdáhùn lọ sí apá ọ̀tún. "Ó yá, ìlà iwájú, ẹ jáde. Gbogbo yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a ló jẹ."

Ọmọ méje dìde. Ọmọ mi, tó ti kúrò lẹ́yìn kíláàsì láti ìgbà tí pátákó dé, wà lára wọn. Òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àmọ́ kò gbá nǹkan kan. Ó yíjú padà, ó kọ ẹ̀yìn sí pátákó, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ… ẹ… ẹ m-m-m…"

"Yà lọ́nà!" lẹnì kan wí. Wọ́n ń tì í.

"Kí ló dé?" Tíṣà bi í.

Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Mo rí i nínú ojú rẹ̀ pé ó mọ̀. Kì í ṣe òní ló mọ̀.

Mi ò rántí bí mo ṣe dìde. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì wó. Mo kàn bá ara mi lábẹ́ apá ọ̀tún pátákó yẹn ni, mo fi èjìká gbé e, erùpẹ̀ ń dà sí mi lọ́rùn.

"Ẹ kó wọn kúrò! Kò le! Mo ní ó le, kò le! Fèrèsé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igi ni mo gbá sí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò!"

Tíṣà ti kó wọn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ ọ́ tán. Alábẹ̀wò ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá mi dì í mú. Bóòtù òkè yọ jáde pẹ̀lú igi tí mo gbẹ́, wẹ́rẹ́, bí eyín ọmọdé tó ti ń mì tipẹ́. Tíṣà mú irinṣẹ́ mi, ó tú bóòtù tó kù, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú irin tó fi kọ́ ògiri, títí ìdí rẹ̀ fi kanlẹ̀. A fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Iná rẹ̀ ò tiẹ̀ kú.

Màdáàmù dìde lórí àga rẹ̀.

"Bàbá Rọra," Màdáàmù wí. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. "Ẹ ní ó le."

"Mo ní ó le, mà."

Alábẹ̀wò ń gbọn erùpẹ̀ nù lára aṣọ rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ. Kí lo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan?"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Tíṣà ní, "Sà, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́." Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú pátákó tó wà nílẹ̀ yẹn, ó sì fi ìka kọ ọ́ sí i, lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà: *Eruku. Lati ojo keji.*

"Òun ló ṣòfin, ó kọ ọ́ sínú bébà fún wa, pé apá òsì la máa gbá!" ọmọ kan kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ní ẹni tó bá gbá ọ̀tún ti kú nínú eré!"

Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí. Ó ti rò pé eré lásán ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?" alábẹ̀wò bi í.

Ó wá kọ ọ́: *E maa gbe e lo.* Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kéré: *Baba mi lo gbe e ko.*

Mo wo ilẹ̀. Nínú ilé kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì gbé sùn, tí ẹnì kìíní ń fi pamọ́ fún ẹnì kejì.

Alábẹ̀wò mú ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo ohun tó kọ, ó tún wo ihò tó wà lára ògiri.

"Ọdún mélòó lọmọ yìí ti wà níbí?"

"Mẹ́rin rèé, sà," Tíṣà dáhùn. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa dá àlejò lóhùn."

"Ọ̀sẹ̀ méjì," alábẹ̀wò wí. "Ẹ wá ẹsẹ̀ tó máa dá dúró fún un. Mi ò fẹ́ rí i lára ògiri. Tí mo bá padà wá, tí mi ò bá ẹsẹ̀ níbẹ̀, màá gbé e lọ."

Mo ní màá ṣe é. Màdáàmù ní rárá. Wẹ́dà tó ń jó irin ló gbé iṣẹ́ náà fún, ó ní mi ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan mọ́ ògiri ilé-ìwé náà mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún lọ pẹ̀lú igi méjì.

Síbẹ̀, mo lọ jókòó sí ìsọ̀ wẹ́dà.

"Káfíńtà, kí lẹ wá ṣe níbi irin?" ó bi mí. "Ṣé ẹ fẹ́ wá fi igi gbá a fún mi?"

Mo gbé e mì. "Kí lo wọ̀n?"

"Ìwúwo rẹ̀. Ó wà lára páálí."

"Wọn ọwọ́," mo sọ fún un. "Ọmọ méje lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n máa fara tì í. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó nà sẹ́yìn gùn ju èyí tó nà síwájú lọ."

Ó wò mí. Kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sún àmì tó ti fà sára irin síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Wẹ́dà parí ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbé pátákó lé e. Alábẹ̀wò padà wá, ó gbá a, ó tì í, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì lọ láìgbé nǹkan kan. Pátákó náà ti wá sísàlẹ̀ báyìí, àwọn tó kúrú jù lọ náà ń tó o.

Ìta ni mo wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mi ò níṣẹ́ kankan nínú kíláàsì mọ́. Ìbéèrè hàn, wọ́n pe ọmọ mi. Ìdáhùn wà lápá ọ̀tún. Kò fà á wá sí òsì. Ó dúró, ó wo ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ mọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé apá ọ̀tún yẹn, ó sì fi gbogbo ara tì í.

Kò mì.

Ó yíjú sí fèrèsé, ó wá mi. Mo mi orí sí i pé ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lọ. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló kù tí wọn ò tíì gbá a, mo sì fẹ́ kà wọ́n tán.